Erédò Ṣúngbọ́ àti Ọkọ̀ Àtijọ́: Ìrìn-àjò Ìtàn láti Ìjẹ̀dẹ́ dé Òkè-Èrì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹ̀kọ́ ìtàn mu púpọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà nínú ìwé ni wọn kò fi ojú rí rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun náà kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Ìjẹ̀dẹ́, ní etí ọ̀sà, lè ṣe àpèjúwe pírámíìdì ilẹ̀ Íjíbítì láìṣì sọ. Ó lè sọ bí àwọn òkúta Stonehenge ti dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ó lè máa mọ̀ pé ìrìn-àjò ọkọ̀ tí kò gba ìdajì ọjọ́ yóò gbé òun dé ìdí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Erédò Ṣúngbọ́ ni iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó sọ ọ́ di ohun tí ará ìta lè lọ wò ní ìrọ̀rùn. Ọ̀nà ọkọ̀ kan náà sì wà lára ohun tí ó ń ba á jẹ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ gbé yẹ̀ wò pọ̀.

Ó dára kí ìtumọ̀ ìgbà tí ó ṣáájú àkọsílẹ̀ kọ́kọ́ yéni yékéyéké. Kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni ìgbà yìí parí sí ní ibi gbogbo lágbàáyé. Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún márùn-ún tí àwọn ará Íjíbítì ti ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn ará Potogí tó kọ orúkọ Ìjẹ̀bú sínú ìwé. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn lè jẹ́ ohun ìgbà ìṣáájú àkọsílẹ̀, nígbà tí irú ọdún bẹ́ẹ̀ jẹ́ àná lójú òpìtàn ilẹ̀ mìíràn. Èyí kò sọ pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ní ìtàn. Bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sọ pé Erédò ni ó dàgbà jù nínú ohun tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ walẹ̀ nínú Ihò Eléérú, ní ìtòsí Ìṣàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n sì rí egungun ènìyàn tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún ọdún mọ́kànlá lọ. Ọmọdé ni Erédò jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun yìí, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá tí ó fẹjú tó o ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́.

Ọ̀nà àti Ọkọ̀

Kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé, ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ará etí ọ̀sà fi ń rin ìrìn-àjò. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù ní orí ilẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sì ni ó so Ìjẹ̀dẹ́, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Èkó pọ̀. Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ sá lọ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí oyè ní Èkó ní ọdún 1851. Ojú omi ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà dé Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 1892, kí wọ́n tó gba orí ilẹ̀ lọ bá àwọn Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n. Títí di ọdún náà, àwọn Ìjẹ̀bú ni ó ń pinnu àlejò tí yóò la ilẹ̀ wọn kọjá àti èyí tí kò ní là á kọjá. Lẹ́yìn Ìmàgbọ̀n, àṣẹ ọ̀nà bọ́ kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ní ọdún 1906 ni wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, èyí tí àwọn òpìtàn kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀nà ń tàn ká, títí tí ó fi di pé ènìyàn lè jí ní Èkó kí ó sì jẹun ọ̀sán ní Ìjẹ̀bú-Òde láìfi ẹsẹ̀ kan omi.

Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n rin ọ̀nà wọ̀nyí ti di ohun ìtàn fúnra wọn. Morris Minor, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1948, wà lára wọn. Volkswagen tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kòlòbà, tí àwọn Yorùbá sọ ní Ìjàpá, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wà, atẹ́gùn ni ó sì ń mú un tutù dípò omi, nítorí náà awakọ̀ rẹ̀ kì í ṣàníyàn nípa rédíétọ̀ tí ó ń jò lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni Peugeot 404 àti 504 gbòde, èyí tí ará ìlú ń pè ní Píjò. Ní ọjọ́ 2 oṣù Épúrù ọdún 1972, gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì, wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ní ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Èkó àti Peugeot ní Kàdúná. Àkókò náà ni owó Údojì dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì fi ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní ayé wọn. Díẹ̀ ni ó kù lójú títì lónìí nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Èyí tí ó kù wà nítorí pé ó ní olówó tí ó fẹ́ràn rẹ̀, tí ó ń wá púlọ́ọ̀gì àti kábúrétọ̀ fún un kiri, tí ó sì mọ mẹkáníìkì àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé iṣẹ́.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ a máa kó ara wọn jọ rin ìrìn-àjò. Láti ọdún 1927 ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ kan láti Lọ́ńdọ̀nù dé Brighton, ní ìrántí ìrìn-àjò tí ó wáyé ní ọdún 1896. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kí ọdún 1905 tó dé nìkan ni wọ́n ń gbà láyè níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní Ìjàpá tàbí Píjò àtijọ́ ní agbègbè Ìkòròdú ní ìdí tí ó lágbára ju fàájì lọ láti gbé e jáde: ọ̀nà Erédò ń dúró dè é.

Láti Ìjẹ̀dẹ́ dé Erédò

Etí ọ̀sà ni ìrìn-àjò náà ti bẹ̀rẹ̀. Títí di ọdún 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni àwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà. Ní ọdún 2003 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ Ìjẹ̀dẹ́ àti Erédò di agbègbè ìdàgbàsókè tí ó ní ìṣàkóso tirẹ̀. Bí ọkọ̀ ti ń kúrò ní Ìjẹ̀dẹ́, kò jìnnà sí ilé iṣẹ́ amúnáwá ti Ẹ̀gbin, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1985, tí wọ́n sì kọ́ láti máa pèsè mẹgawáàtì 1,320. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ohun yìí sọ́kàn, nítorí pé ohun tí ó ń lọ wò kò ní ẹ́ńjìnnì kankan nínú. Apá ènìyàn ni iná tí ó ṣe é.

Láti Ìkòròdú, ọ̀nà gba Ìmọ̀tà àti Itóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní àríwá Ẹ̀pẹ́, ní apá ibi tí ọ̀nà kọjú sí Ìjẹ̀bú-Òde, ni ìlú tí ó ń jẹ́ Erédò wà, tí ó gba orúkọ lára yàrà náà. Ibẹ̀ ni kí awakọ̀ ti dúró, kí ó pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ lè gbé ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ ni yóò gbé e wọlé.

Bí àwọn onímọ̀ tí ó ṣáájú ti ṣe gan-an nìyẹn. Peter Lloyd, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣàkóso àti ilẹ̀ níní láàárín àwọn Yorùbá, tẹ àròkọ kan jáde lórí Erédò ní ọdún 1959. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Patrick Darling, tí ó ti Yunifásítì Bournemouth wá, fi ẹsẹ̀ tọ yàrà náà nínú igbó ní àwọn ọdún 1990 sí 1999, tí ó ń wọ̀n ọ́n, tí ó sì ń yà á sórí máàpù. Ní ọdún 1999 ni ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ tàn káàkiri ayé. Àwọn ará abúlé tí ó wà lẹ́bàá yàrà náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ohun tí Darling ṣe ni pé ó fi òǹkà sí ohun tí wọ́n mọ̀.

Bí Erédò ti Rí

Yàrà àti òkìtì ni Erédò. Àwọn tí ó ṣe é wa ilẹ̀ pupa, wọ́n sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ inú, tí ó fi di odi gíga. Gígùn rẹ̀ lápapọ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 160. Ó yí apá kan ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, Ìjẹ̀bú-Òde sì wà nínú rẹ̀. Ìbú agbègbè tí ó yí ká tó kìlómítà 40 láti àríwá dé gúúsù, ó sì tó kìlómítà 35 láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé ṣóńṣó orí òkìtì tó mítà 20, èyí tí ó ga ju ilé alájà márùn-ún lọ. Ẹni tí ó bá dúró ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò rí ògiri ilẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, tí ó ń dán, tí ewédò ti bò. Àwọn igi sì ti pàdé lókè tí wọ́n ṣíji bò ó.

Darling ṣírò rẹ̀ pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó tó mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ mítà kúbíìkì. Ìwọ̀n pírámíìdì ńlá ti Khufu ní Íjíbítì jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún. Olùkọ́ lè fi èyí ṣe ìṣirò pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Bí ènìyàn kan bá lè wa mítà kúbíìkì kan lójúmọ́ kí ó sì gbé e gòkè, ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò sinmi lọ́jọ́ kan yóò lo ọjọ́ 3,500, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò lè fi oko rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ta ni ó ń bọ́ wọn? Ta ni ó ń pín iṣẹ́ fún wọn? Ta ni ó ń pa á láṣẹ pé kí yàrà má yà sí ibòmíràn? Ìbéèrè wọ̀nyí fi hàn pé ẹ̀rí ìjọba tí ó ní ètò ni Erédò jẹ́, yálà òpìtàn mọ orúkọ ọba ìgbà náà tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Ta Ni Ó Wà Á?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rí kan kò tó fún òpìtàn. Ẹ̀rí mẹ́ta ni ó wà nípa ẹni tí ó wa Erédò àti ìgbà tí wọ́n wà á, ó sì ṣe pàtàkì kí olùdánwò má da wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn.

Èkíní ni àrọ́bá. Àwọn ará Òkè-Èrì, ní ìtòsí Ìjẹ̀bú-Òde, sọ pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, tí ó ń jẹ́ Bilikísù Ṣúngbọ́, ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n wa yàrà náà, kí ó lè jẹ́ ìrántí fún un lẹ́yìn ikú. Ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Èrì, àwọn ènìyàn sì ń lọ gbàdúrà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé òun ni ayaba Ṣébà tí ó bẹ Sólómọ́nì wò.

Ẹ̀kejì ni àkọsílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, ọmọ ilẹ̀ Potogí, kọ ọ́ sínú ìwé pé ìlú ńlá kan wà tí ó pè ní Geebu, tí yàrà ńlá yí ká, àti pé Agusale ni orúkọ oyè olórí ibẹ̀. Kò ṣòro láti gbọ́ Ìjẹ̀bú àti Awùjalẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ náà. Àwọn òpìtàn kan gbà pé yàrà tí ó yí ìlú Ìjẹ̀bú-Òde nìkan ká ni ó ń sọ. Àwọn mìíràn gbà pé Erédò ni. Bí ó ti wù kí ó jẹ́, ó fi hàn pé yíya yàrà yí ìlú ká ti di àṣà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kí àlejò tó ti ojú òkun dé.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó wà nínú ilẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn, tí Gérard Chouin àti Adisa Ògúnfọlákàn wà lára àwọn aṣáájú wọn, ti walẹ̀ ní ìdí Erédò. Bí wọ́n bá rí èédú nínú erùpẹ̀, wọ́n lè fi ohun tí ó kù nínú rẹ̀ mọ ìgbà tí igi náà kú. Àbọ̀ iṣẹ́ náà tọ́ka sí òpin ọ̀rúndún kẹrìnlá àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Èyí yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé kọ ṣáájú, pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún.

Bí ẹ̀rí kẹta bá dúró, ọ̀rọ̀ ayaba Ṣébà kò lè dúró. Ìgbà Sólómọ́nì jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ tí ó fi ṣáájú ìgbà tí wọ́n wa Erédò. Àkùránì sọ ìtàn ayaba náà láìdárúkọ rẹ̀. Àwọn aṣàlàyé ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ó pè é ní Bilikísù. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí orúkọ Bilikísù jẹ́ aṣọ tuntun tí wọ́n fi wọ Ṣúngbọ́ àtijọ́. Ṣùgbọ́n olùdánwò tí ó bá torí èyí da gbogbo àrọ́bá náà nù ti ṣìṣe. Àrọ́bá Òkè-Èrì sọ pé aláṣẹ kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà, àti pé ìfẹ́ ìrántí wà nínú rẹ̀. Ó sọ pẹ̀lú pé àwọn Ìjẹ̀bú kò rí ohun àjèjì nínú kí obìnrin ní agbára bẹ́ẹ̀. Kò sí èédú tí ó lè sọ èyíinì fún òpìtàn.

Ọ̀nà tí Ó La Odi

Òtítọ́ kan wà tí kò dùn. Ibi tí ọkọ̀ dúró sí ní Erédò jẹ́ ibi tí ọ̀nà ti la odi náà kọjá. Bí kò bá sí ọ̀nà, díẹ̀ ni ìbá rí i. Nítorí pé ọ̀nà wà, apá kan ti lọ. Ọ̀nà a máa fa ilé mọ́ra, ilé a máa fa ẹni tí ó ń wa erùpẹ̀ pupa mọ́ra. Òkìtì tí àwọn baba ńlá fi apá gbé gòkè jẹ́ erùpẹ̀ ọ̀fẹ́ lójú ẹni tí ó ní tipà. Ohun tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣe ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, katakátá kan lè tú u ká láàárín òwúrọ̀ kan.

Kì í ṣe ilẹ̀ yìí nìkan ni ọ̀nà ti pàdé ohun àtijọ́. Ní Avebury, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títì ọkọ̀ gba àárín àwọn òkúta ìgbà ìwásẹ̀ kọjá títí di òní. Ní Stonehenge, ọ̀nà kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan òkúta wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 2013 ni wọ́n tì í pa, tí wọ́n gbin koríko sí ojú rẹ̀. Wọ́n gbà kí awakọ̀ rìn jìnnà díẹ̀ kí òkúta lè sinmi.

Ní Nàìjíríà, òfin wà. Wọ́n dá àjọ tí ó ń bójú tó ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àti àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní ọdún 1979. Ní ọdún 1995, ìjọba fi Erédò Ṣúngbọ́ pọ̀ mọ́ àwọn yàrà ìlú Benin nínú àkójọ àwọn ibi tí ó fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Láti ìgbà náà, Sukur ti wọlé ní ọdún 1999, igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sì ti wọlé ní ọdún 2005. Erédò kò tíì wọlé. Gígùn rẹ̀ wà lára ohun tí ó sọ ìtọ́jú rẹ̀ di iṣẹ́ ńlá. Igbó Ọ̀ṣun ṣeé ṣọ́, ṣùgbọ́n yàrà tí ó gba inú oko àti abúlé púpọ̀ kọjá, tí ó sì wà ní ìpínlẹ̀ méjì, Èkó àti Ògùn, kò ṣeé fi olùṣọ́ kan ṣọ́.

Níbí ni ọkọ̀ àtijọ́ ti ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ni. Kò sí Ìjàpá ọdún 1972 tí ó dédé wà ní ọ̀nà títí di òní. Ẹnì kan ni ó ń fọ̀ ọ́, tí ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, tí kò gbà kí àwọn oníṣẹ́ irin gé e tà. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí ó bàjẹ́ lára rẹ̀ ni ó ní ẹni tí ó dùn. Ọkọ̀ tí kò tó ọgọ́ta ọdún rí irú ìfẹ́ yìí gbà, odi ẹgbẹ̀ta ọdún kò rí i, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó ni odi náà, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé tèmi ni.

Àwọn olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láìdúró de ìjọba. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan láti Ìjẹ̀dẹ́ dé Ẹ̀pẹ́ yan ibì kan ṣoṣo lára Erédò fún ara rẹ̀, kí ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ baálẹ̀ àti onílẹ̀ kí ó tó wọ ibẹ̀. Kí wọ́n mú okùn tí wọ́n ti fi àmì mítà sí lára lọ, kí wọ́n wọn gíga òkìtì àti jíjìn yàrà, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n náà sínú ìwé kan tí yóò máa wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, kí kíláàsì mìíràn padà sí ibẹ̀ gan-an láti tún un wọ̀n. Bí ìwọ̀n bá dínkù, ìwé náà yóò di ẹ̀rí tí wọ́n lè gbé lọ síwájú ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀rí tí ó ní ọjọ́, tí ó ní òǹkà, tí ọmọ ìlú sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.